Lẹ́tà Tí N Kò Bá Ọ̀rẹ́ Mi Tọrọ

Àga kan náà ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ ń jókòó lé ní kíláàsì kẹfà, ní ilé-ìwé míṣọ̀n tó wà ní Òdìgbó. Òun ló ń ṣe ipò kìn-ín-ní, èmi ni mò ń ṣe ìkejì. Bẹ́ẹ̀ ló rí láti kíláàsì kẹta títí a fi jáde. Bí tíṣà bá kọ ìṣirò sójú pátákó, kó tó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi á ti rí ìdáhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní tètè nawọ́. Á yíjú sí mi, á dúró títí èmi náà á fi rí i, ká lè jọ nawọ́ pọ̀. Mo fẹ́ sọ èyí ná, kí ẹni tó ń kà á má bàa rò pé ẹni burúkú kan ni mo ṣe ohun tí mo ṣe sí.

Abúlé Omifunfun ni ọ̀rẹ́ mi ti ń fẹsẹ̀ rìn wá láràárọ̀. Bàbá rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, apá ẹsẹ̀ odò ló ti wá kọ ọ̀pẹ lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí a wà ní kíláàsì kejì, igbà já mọ́ ọn lára lókè ọ̀pẹ, ó já bọ́, kò sì yè é. Ìyá rẹ̀ kò padà sí ìlú tí wọ́n ti wá. Ó dúró sí Omifunfun, ó ń pa èkùrọ́, ó ń gbin ẹ̀gẹ́ sí ilẹ̀ tí wọ́n yá a. Kò ní ẹ̀gbọ́n, kò ní àbúrò, kò ní ẹbí ọkọ kankan ní gbogbo agbègbè wa. Àwọn ará ilé àdúrà nìkan ló ní. Ilé àdúrà yẹn náà sì ni màmá mi ń lọ. Ibẹ̀ ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti mọra kí a tó mọ A, B, D. A jọ ń wọ aṣọ funfun, a jọ ń rìn láì wọ bàtà, a jọ ń tòògbé nígbà tí àwọn àgbà bá ń ríran.

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ nígbà náà. Ọmọ àgbẹ̀, ọmọ káńsẹ́lọ̀, ọmọ apèkùrọ́, gbogbo wa la jọ wà lórí àga kan. Ọdún tí a gba òmìnira, wọ́n tò wá lọ sí pápá, wọ́n fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àsíá bébà àti ife. Tíṣà wa dúró níwájú wa nínú oòrùn, ó ní láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ọmọ tí yóò tún máa béèrè pé ta ni bàbá òun mọ̀. Ohun tó bá wà nínú orí ọmọ ni yóò gbé e dé ibi tó ń lọ. Mo gbà á gbọ́. Ọ̀rẹ́ mi gbà á gbọ́ jù mí lọ.

Tíṣà yìí ló ní kí àwa méjèèjì lọ ṣe ìdánwò ìwọlé sí ilé-ìwé girama. Ìlú tí ilé-ìwé náà wà jìnnà sí wa, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Tíṣà mú wa dé oríta Òrè láàárọ̀ kùtùkùtù. Òrè ìgbà yẹn kò tíì di ohun tó dà lónìí. Ilé díẹ̀ ló wà níbẹ̀, àwọn tó ń din àkàrà fún awakọ̀, àti lọ́rì agbégẹdú tó ń kọjá pẹ̀lú igi tó tóbi ju yàrá wa lọ. A wọ ọkọ̀ bọ́lẹ̀kájà kan. Bí ọkọ̀ náà ṣe ń fò wá sókè, tó ń jù wá sílẹ̀, ọ̀rẹ́ mi di ọwọ́ mi mú, ó ń ka orúkọ àwọn odò inú Nàìjíríà sí mi létí.

Ibi tí a ti ṣe ìdánwò, pẹpẹ ìwé wà lára ògiri, láti ilẹ̀ títí dé òkè. Ọ̀rẹ́ mi dúró níwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ó bi mí wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ṣé ẹnì kan ti ka gbogbo èyí tán rí?"

Mo ní n kò mọ̀.

Ó ní, "Tí wọ́n bá gbà mí, ibí ni màá ti bẹ̀rẹ̀." Ó na ìka sí ìpẹ̀kun pẹpẹ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, èsì dé. Wọ́n pe àwa méjèèjì fún íntáfíù. Nínú gbogbo ọmọ tí wọ́n pè, orúkọ ọ̀rẹ́ mi ló ṣe ìkẹta. Tèmi wà lápá ìsàlẹ̀, ó ku díẹ̀ kó má sí níbẹ̀ rárá. Tíṣà ka ìwé náà fún wa lábẹ́ igi níwájú ilé-ìwé. Nígbà tó dé ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìwé ìrìbọmi láti inú ìjọ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, tàbí lẹ́tà láti ọwọ́ ẹni pàtàkì kan tó mọ ìdílé rẹ̀, tó sì lè dúró fún un.

Ilé àdúrà wa náà ń ṣe ìrìbọmi, nínú odò gan-an ni wọ́n ti ń rì wá. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé kankan níbẹ̀. Wòlíì tó ń darí wa kò mọ ìwé kọ.

Màmá mi àti ìyá ọ̀rẹ́ mi jọ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé. Àwa méjèèjì dúró lẹ́bàá fèrèsé, à ń gbọ́ wọn. Ọ̀gá kò pariwo mọ́ wọn. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá, n kò ní nǹkan kan sí yín. Àwọn ọmọ yìí mọ ìwé, gbogbo ayé mọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ìjọ ni mo fi ń kọ lẹ́tà, kì í ṣe orúkọ mi. Mi ò lè sọ pé mo ń rí yín ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí mi ò rí yín."

Ìyá ọ̀rẹ́ mi béèrè pé, "Ta ni ká wá lọ bá, sà?"

Ọ̀gá ní, "Ẹni tó bá mọ̀ yín."

Obìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń jáde, mo rí ojú rẹ̀. Ó ń ronú, bíi pé ó ń wá ẹni náà káàkiri inú orí rẹ̀, ilé dé ilé, tí kò sì bá ẹnì kankan nílé.

Àwa ní ẹnì kan. Bàbá mi jẹ́ àgbẹ̀ kòkó, èèyàn jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ káńsẹ́lọ̀, ó sì tún jẹ́ wọ́dìn nínú ìjọ míṣọ̀n. Bàbá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Òun àti bàbá mi kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà tí màmá mi ti fa bàbá mi lọ sí ilé àdúrà. Síbẹ̀ màmá mi lọ bá a, ó mú èmi náà dání. Aṣọ funfun rẹ̀ ló wọ̀ lọ, kò sì wọ bàtà. Ó ní òun kò fẹ́ kí Bàbá Àgbà rò pé òun wá tan án jẹ.

Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì níwájú ilé.

"Ẹ kú ilé, bàbá ọkọ mi."

Bàbá Àgbà ní, "Dìde. Mo ti gbọ́ ohun tí o bá wá. Ọmọ àbúrò mi ni, ẹ̀jẹ̀ mi ni, mi ò ní jẹ́ kó ṣòfò. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo bá fi orúkọ mi dúró fún, mo gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ń sùn àti ibi tó ń kúnlẹ̀ sí. Kó kó ẹrù rẹ̀ wá síbí. Kó máa bá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kó máa wọ bàtà."

Màmá mi kò tíì dìde. Ó béèrè pé, "Ṣé ó lè máa yọjú sí ilé àdúrà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, sà? Kódà kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù."

"Rárá."

Màmá mi dìde. Ó wá ní, "Ọmọ yín ni, sà."

Nígbà tí à ń padà lọ kó aṣọ mi, ó ń rìn níwájú mi, kò bojú wẹ̀yìn. Mo rò pé inú ló ń bí i sí mi. Ìgbà tí a délé ni mo rí i pé ẹkún ló ń sun. Kò tíì sí ẹni tó gba ohunkóhun lọ́wọ́ màmá mi rí tí kò jà fún, ọjọ́ yẹn ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé mi jáde.

Mo ti lo bí ọ̀sẹ̀ kan nílé Bàbá Àgbà nígbà tí ọ̀rẹ́ mi wá bá mi. Lẹ́yìn ilé la dúró sí, níbi tí wọ́n ti ń sá kòkó. Ó ti fọ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, ó sì ká ìwé ìpè náà mọ́ inú bébà kan kó má bàa dọ̀tí. Ó wo bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ mi, kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ó ní, "Bá mi sọ fún Bàbá Àgbà. Màmá mi fẹ́ wá fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á, kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá irú wọn sọ̀rọ̀. Kí wọ́n kàn kọ ọ́ pé àwọn mọ̀ wá. Ìlà kan péré."

Mo ní, "Màá sọ fún wọn."

"Nígbà wo?"

"Lónìí."

Èmi náà rò pé lónìí ni. Nígbà tí Bàbá Àgbà jẹun tán, tó na ẹsẹ̀ sórí àpótí, tó ń ka ìwé ìròyìn, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ṣé nǹkan wà?" Mo ní kò sí, sà. Mo sọ fún ara mi pé wọ́n ń kàwé ni, kò yẹ kí n dí wọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó mú èmi nìkan lọ sí oko, ó ń fi igi kòkó tí òun àti bàbá mi jọ gbìn nígbà ọmọdé hàn mí, inú rẹ̀ dùn. Kò sí àsìkò tó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. N kò sọ ọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó jókòó sídìí tábìlì, ó kọ lẹ́tà tèmi níṣojú mi, ó fi òǹtẹ̀ lù ú. Ó wá ní, "Ṣé ó ku ohun kan tó yẹ kí n kọ?" Ìwé ṣì wà níwájú rẹ̀, kálàmù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Rárá, sà."

Mo ti ní ọ̀pọ̀ ọdún láti wá ìdí rẹ̀. N kò lè sọ pé ẹ̀rù Bàbá Àgbà ló bà mí, nítorí kò fi bẹ́ẹ̀ bà mí mọ́ nígbà yẹn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ìgbà tí mo bá ń ronú nípa ilé-ìwé girama náà, èmi nìkan ni mò ń rí níbẹ̀. Mò ń rí ara mi níwájú kíláàsì tí ọ̀rẹ́ mi kò sí nínú rẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń dárúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó dárúkọ mi. Mo fẹ́ mọ bó ṣe máa rí kí wọ́n dárúkọ mi ṣáájú.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi padà wá, mo ti múra irọ́ mi sílẹ̀. Mo ní, "Wọ́n ní àwọn ò mọ ìdílé yín."

Ó mi orí. Ó ní, "Òótọ́ ni wọ́n sọ. Wọn ò mọ̀ wá." Ó wá fọwọ́ kàn mí léjìká. "O ṣeun tí o bá mi béèrè."

Ọjọ́ íntáfíù, ọkọ̀ Bàbá Àgbà ni a gbé lọ. Pírínsípà jáde wá pàdé wa, òun àti Bàbá Àgbà sì bọ ara wọn lọ́wọ́. Ó hàn pé wọ́n ti jọ jókòó ní ìpàdé kan rí. Wọ́n mú wa wọlé, wọ́n fún Bàbá Àgbà ní àga. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta péré. N kò mọ èkejì. Mo tẹjú mọ́ bàtà mi. Bàbá Àgbà rẹ́rìn-ín, ó ní ojú ló ń tì mí. Àwọn náà bá a rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í nípa ọ̀nà tí ìjọba ń là ní agbègbè wa. Bí mo ṣe wọ ilé-ìwé girama nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi àti ìyá rẹ̀ wà níta lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́rì ni wọ́n wọ̀ wá, wọn kò ní lẹ́tà kankan, ṣùgbọ́n wọ́n wá. Bí a ṣe ń jáde, akọ̀wé ń bá wọn sọ̀rọ̀.

"Ìwé dà?"

Ìyá ọ̀rẹ́ mi ń ṣàlàyé fún un ní èdè tiwọn, níbi tí wọ́n ti ń pe "wọn" ní "ghan". Akọ̀wé jẹ́ ará òkè. Ó yíjú sí àwọn tó dúró nítòsí, ó ní òun kò gbọ́ ohun tí obìnrin yìí ń sọ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi wá sọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kedere, gbólóhùn kan tẹ̀lé èkejì, láì ṣi ọ̀kan sọ. Akọ̀wé kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wo ìwé orúkọ ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Òótọ́ ni pé o ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ́ kí o wọlé láìsí ìwé. Èmi kọ́ ni mo ṣòfin."

Ọ̀rẹ́ mi rí mi. Ó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, ó kí mi kú oríire. Mo wọ inú ọkọ̀.

A ti rìn jìnnà sí ìlú náà kí Bàbá Àgbà tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọmọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ṣé kì í ṣe kíláàsì kan náà lẹ wà?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dára. Kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kó wọlé?"

"Kò ní lẹ́tà, sà."

Ó yà á lẹ́nu. "Lẹ́tà lásán? Kí ló dé tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi? Ṣé lẹ́tà ló wọ́n mi ni?"

Mo gbójú sí ìta. Mo lè sọ ọ́ nígbà yẹn. Ó ṣeé ṣe kó yí ọkọ̀ padà, irú ẹni tó jẹ́ nìyẹn. Igbó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, n kò sì la ẹnu mi.

Ọdún márùn-ún ni mo lò ní ilé-ìwé náà. Mo ṣe ipò kìn-ín-ní nígbà kan ṣoṣo, n kò sì gbádùn rẹ̀ bí mo ṣe rò. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ju ìwé lọ. Bàbá ọmọ tó sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀lé tèmi mọ pírínsípà kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà. Ìyá òmíràn jẹ́ àbúrò ẹni tó ń mú èèyàn síṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ní ìsinmi, wọ́n ń pe ara wọn lọ sílé, àwọn òbí wọn ń kí ara wọn. Nígbà tí a bá wọlé padà, ẹni tí kò ní ọ̀nà á ti rí ọ̀nà. Kò sí ẹni tó rò pé ojúsàájú ni. Wọ́n kàn mọ ara wọn ni. Èmi náà wà láàárín wọn, mo sì ń jàǹfààní rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá yẹn ló bá mi wá àyè sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tíṣà kí èsì ìdánwò mi tó jáde. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí ilẹ̀kùn bá ṣí fún mi, mo mọ ẹni tí ì bá dúró síbẹ̀.

Màmá mi ló ń sọ bó ṣe wà fún mi. Ọ̀rẹ́ mi ń bá ìyá rẹ̀ pa èkùrọ́. Ní ọjọ́ ìsinmi, ó ń ka Bíbélì fún àwọn àgbà ilé àdúrà, ó ń bá wọn kọ lẹ́tà sí àwọn ọmọ wọn tó wà lájò. Lẹ́yìn náà ni ìyá tó ń gbẹ̀bí nílé àdúrà mú un sọ́dọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ níṣẹ́. Màmá mi kò bi mí ní ohunkóhun. Ó kàn máa ń sọ ọ́ nígbà tó bá ń di irun mi.

Ọdún tí mo jáde ni gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn gbiná. Wọ́n dìbò, àwọn èèyàn ní wọ́n jí ìbò náà, ọmọ ìyá méjì kò lè jọ jẹun mọ́ tí ẹgbẹ́ òṣèlú wọn bá yàtọ̀. Ẹgbẹ́ tí Bàbá Àgbà wà ni àwọn èèyàn ń bínú sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ọ̀dọ́ dé pẹ̀lú bẹntiróòlù, wọ́n dáná sun ilé rẹ̀. Sìmẹ́ńtì tí màmá mi kúnlẹ̀ sí sán, ó dúdú. Bàbá Àgbà gba ẹ̀yìn ilé bọ́ sínú igbó. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn tí ó máa ń kọ lẹ́tà sí tó ṣílẹ̀kùn fún un. Oko dé oko ló ń gbà títí ó fi dé Omifunfun, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí kò sì lè rìn mọ́. Ìyá ọ̀rẹ́ mi ló rí i. Ó mú un wọ ilé àdúrà, ó wọ aṣọ funfun fún un, ó jókòó tì í láàárín àwọn aláìsàn tí wọ́n ń gbàdúrà fún. Nígbà tí àwọn tó ń wá a dé, wọ́n wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò dá a mọ̀, nítorí kò wọ bàtà.

Bàbá mi ní kí n gbé aṣọ àti oògùn lọ fún un. Ọ̀sán ni mo débẹ̀. Ó jókòó sórí ẹní, ó gbẹ, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun. Ìyá ọ̀rẹ́ mi ń fi omi gbígbóná fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi wà nítòsí ilẹ̀kùn, ó ń ká aṣọ ọmọ tuntun. A kí ara wa.

Bàbá Àgbà ní, "Wá gbọ́ ohun tí màmá yìí ń sọ fún mi. Wọ́n ní nígbà kan, mo ní mi ò mọ̀ wọ́n. Mo ní mi ò rántí. Ṣé o rántí nǹkan kan?"

Ìyá ọ̀rẹ́ mi tètè ní, "Kò sí nǹkan nínú rẹ̀, bàbá. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà nígbà yẹn ni. Ẹ ò mọ̀ wá lóòótọ́. Mo kàn ń sọ fún yín pé ẹ ti wá mọ̀ wá báyìí ni."

Bàbá Àgbà ní, "Kò sẹ́ni tó béèrè lẹ́tà kankan lọ́wọ́ mi."

Ó wò mí. Ìyá ọ̀rẹ́ mi náà gbójú sókè sí mi, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú omi. Ọ̀rẹ́ mi kò dẹ́kun aṣọ kíká. Ó ká ọ̀kan tán, ó mú òmíràn.

Mo ní, "Mi ò béèrè."

Ọ̀rẹ́ mi ló sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. "Kí ni mo ṣe fún ọ?"

Mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ oríṣiríṣi ní ọdún márùn-ún yẹn. N kò fi ìkankan nínú wọn bò ó. Mo sọ òótọ́. "Ìwọ lo máa ń ṣe ipò kìn-ín-ní."

Ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí n sọ ìyókù. Nígbà tó rí i pé kò sí ìyókù, ó ní, "Ìyẹn nìkan?" Ó gbé aṣọ náà, ó jáde. Ìyá rẹ̀ rọra da omi tútù sínú ti gbígbóná, ó ń fọ ẹsẹ̀ Bàbá Àgbà lọ. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi.

Bàbá Àgbà fẹ́ tún un ṣe. Kí ó tó kúrò ní Omifunfun, ó tọrọ ìwé àti kálàmù, ó kọ lẹ́tà sí ilé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn agbẹ̀bí, ó sọ gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ọ̀rẹ́ mi àti ìyá rẹ̀, ojú ìwé méjì gbáko. Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn sójà gbàjọba, tí wọ́n tú àwọn káńsù ká. Orúkọ rẹ̀ ti di ohun tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ rí nínú ìwé. Wọn kò fèsì. Èmi alára lọ bá àwọn tí mo mọ̀, àwọn bàbá àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ilé-ìwé. Wọ́n tẹ́tí sí mi dáadáa. Wọ́n béèrè ìwé tó kà. Mo ní ìwé mẹ́fà. Wọ́n ní mò ń da ara mi láàmù lásán.

Ọ̀rẹ́ mi di agbẹ̀bí ilé àdúrà. Ọwọ́ rẹ̀ dára débi pé, nígbà tí wọ́n kọ́ ilé ìgbẹ̀bí ìjọba sí Òrè, àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ máa ń ránṣẹ́ pè é tí ọmọ bá dábùú. Wọn kò gbà á síṣẹ́ rí, nítorí kò ní ìwé ẹ̀rí. Ó máa ń wá, á ṣe ohun tí wọn kò lè ṣe, á fọwọ́, á padà sílé. Àwọn tó ń kọ orúkọ ara wọn sínú ìwé pé àwọn ló gba ọmọ náà, ó mọ̀ wọ́n, ó sì mọ̀ pé wọ́n ń kọ ọ́.

Èmi di tíṣà, mo sì di ọ̀gá ilé-ìwé nígbà tó yá. Bàbá Àgbà kú sílé bàbá mi, òun àti bàbá mi ti parí ìjà wọn. Màmá mi kò bi mí rí pé ṣé màá padà sí ilé àdúrà. Mo ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń rìn níbẹ̀ láì wọ bàtà.

Àbúrò mi obìnrin rọbí ní Àgọ́ Aláyé, ó le fún un, wọ́n sì ránṣẹ́ pe ọ̀rẹ́ mi. Mo débẹ̀ ní àṣálẹ́, ọmọ ti jáde, ìyá àti ọmọ wà láyọ̀. Ọ̀rẹ́ mi jókòó sórí àpótí níta, ó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Ó dìde nígbà tó rí mi. Ọjọ́ orí kan náà la jẹ́, oṣù díẹ̀ ló fi jù mí lọ. Ó tẹ orúnkún díẹ̀.

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, tíṣà. Ẹ kú ewu ọmọ."

Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kíní tó máa kí mi bẹ́ẹ̀. Láti ọdún mélòó kan ló ti ń pè mí ní ẹ̀yin, lójú ọ̀nà, ní ọjà, ibikíbi tí a bá ti pàdé, mo sì ń kọjá lọ. Lọ́jọ́ yẹn, n kò lè kọjá. Mo jókòó tì í. Mo ní, "Jọ̀ọ́, má pè mí ní ẹ̀yin mọ́. Bú mi tí o bá fẹ́. Ṣùgbọ́n pè mí ní ìwọ."

Mo rí i pé ó gbìyànjú, ẹnu rẹ̀ tiẹ̀ ṣí.

Ó ní, "Ẹ má bínú, tíṣà. Kì í wá sí mi lẹ́nu mọ́."

Ó mu ẹ̀kọ rẹ̀ tán, ó ṣan ife náà, ó sì wọlé lọ wo ọmọ.